Orí Keje: Páìpù Tó Ń Gbé Eruku Igi Lọ

Ẹni tó bá ti dé ibi ìlagi Oko Bàbá ní Èbúté Mẹ́ta, ní Èkó, mọ eruku igi dáadáa. Ó ń bà lé irun, ó ń bà lé aṣọ, ó ń bà lé oúnjẹ. Ṣùgbọ́n etí ọ̀sà ni Oko Bàbá wà, atẹ́gùn ń gbé díẹ̀ lọ nínú rẹ̀. Ní Weston, ní ìlú Toronto, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Káfíńtà tó ń ṣiṣẹ́ nínú gáréèjì ilé rẹ̀ ní oṣù kìíní kò lè ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, òtútù ò ní gbà fún un. Gbogbo eruku tí ayùn bá tú jáde, òun pẹ̀lú rẹ̀ ni wọ́n jọ wà nínú ilé.

Èyí tó bọ́ sílẹ̀ kọ́ ló burú jù. Ìgbálẹ̀ á kó ìyẹn. Èyí tí ojú ò rí ni wàhálà, torí pé ó ń fò kiri fún ọ̀pọ̀ wákàtí, imú wa sì ń fà á. Ní 1995, IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ka eruku igi mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ imú. Ó sì tún máa ń gbiná. Ní 2012, iléeṣẹ́ ìlagi méjì bú gbàmù ní British Columbia: ọ̀kan ní Burns Lake ní oṣù kìíní, ìkejì ní Prince George ní oṣù kẹrin. Èèyàn méjì méjì ló kú níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń ra ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó lágbára, tí páìpù rẹ̀ ń jò, apẹ̀rẹ̀ la fi ń pọnmi.

Páìpù onípáànù ló dára jù. Bí eruku bá ń ha ara páìpù kọjá, ó ń dá iná mànàmáná kékeré sílẹ̀. Ike á dá iná yẹn dúró sára. Páànù tí a so mọ́ wáyà tó wọlẹ̀ á gbé e wọlẹ̀. Ẹ má ra èyí tó fẹ́lẹ́ jù, nítorí ẹ̀rọ ńlá lè fà á títí á fi rún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, etí páànù mú bí abẹ.

Ẹ wá wo ẹnu páìpù kan dáadáa. Ẹnu kan dán. Ẹnu kejì ṣẹ́ wínníwínní yíká, ó sì kéré díẹ̀, kó lè wọnú páìpù tó tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ni ẹnu tó ṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bẹ́ẹ̀ ni eruku á ṣe máa yọ̀ kọjá. Bí ẹ bá dà á kọ, etí páànù ló máa pàdé eruku: ẹ̀há igi kan á há síbẹ̀, òmíràn á há mọ́ ọn, títí ọ̀nà á fi dí. Síkúrù gígùn tí a bá fi so páìpù pọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí pé ẹnu rẹ̀ yọ sínú páìpù. Èyí tó kúrú ni kí ẹ lò.

Ibi tí páìpù ti tẹ̀ ni à ń pè ní ẹ́líbò. Òrùka páànù mẹ́rin ni, tí a so pọ̀. Ẹ di ọ̀kan mú, ẹ yí ìkejì, á nà tàbí kó tẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Ẹ má jẹ́ kó tẹ̀ lójijì. Bí páìpù kékeré bá sì fẹ́ wọ ti ńlá, kó wọ̀ ọ́ ní ìdagẹ̀rẹ̀, bí ọkọ̀ ṣe ń wọ Highway 401. Tó bá lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tààrà, afẹ́fẹ́ á dàrú, eruku á jókòó.

Páìpù íńṣì 6 gba afẹ́fẹ́ ju ìlọ́po méjì ti íńṣì 4 lọ. Síbẹ̀, èyí tó bá tóbi ju agbára ẹ̀rọ lọ kò dára. Afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ sáré tó nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eruku á sùn sínú páìpù.

Tépù onífọ́ìlì ni kí ẹ fi lẹ oríkèé kọ̀ọ̀kan, títí kan òrùka ẹ́líbò lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i tán. Tépù aláṣọ á gbẹ, á sì ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ̀rọ, ẹ ya tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ gbé e sún mọ́ oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ibi tó bá ti fa tíṣù mọ́ra, ibẹ̀ ń jò.

Ó ku ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá ń tú u síta, ooru ilé ń bá a lọ, ilé sì ń wá afẹ́fẹ́ mìíràn fà. Ó lè fa èéfín ẹ̀rọ agbóná tó ń lo gáàsì padà wọlé. Kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì wà nínú èéfín yẹn, kò lóòórùn, ó sì ń pani. Láti 2014 ni òfin Ontario ti sọ pé kí ilé tó ń lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní aago tó ń ké bí kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì bá wà nílé. Kí ẹ tó tan ẹ̀rọ eruku, ẹ tẹ bọ́tìnnì aago náà, kí ẹ gbọ́ ọ létí ara yín pé ó ń dún.