Ẹyọ Aṣọ Kan Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ wà ní fásitì ní Òkukù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ti Ìbà, Ìkìrun àti Ìníṣà lọ sí Pólì Ìrèé, mo rí i pé púpọ̀ nínú yín ló ti ní orúkọ ilé iṣẹ́ aṣọ lórí fóònù. Orúkọ wà, àmì wà, àwòrán wà. Aṣọ tí èèyàn lè fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá tí ojú rírán rẹ̀ kò ní tú ni kò tíì sí. Ẹ mú ẹyọ aṣọ kan ṣoṣo, ẹ máa rán an títí èyí tí ẹnì kan rà lóṣù kẹta yóò fi rí bákan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ rà lóṣù kìíní. Iṣẹ́ ọdún àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹ̀kọ́ wà lọ́rùn yín, ìdánwò wà níwájú. Ẹni tó bá ń rán ṣáàtì, kaba, fìlà àti báàgì pọ̀ lákòókò kan náà kò ní mọ èyí tó ń pa owó wọlé àti èyí tó ń jẹ ẹ́.

Èwo ni kí ẹyọ náà jẹ́? Ẹ wo ohun tó ń yọ àwọn tó yí yín ká lẹ́nu. Ẹni tí mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ni ìyá wa Shade Thomas-Fahm. Ọdún 1933 ni wọ́n bí wọn. Ní 1953 wọ́n lọ sí Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú èrò pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni wọ́n máa kọ́, àmọ́ iṣẹ́ aṣọ ni wọ́n kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé ní 1960, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí Èkó. Wọ́n wo obìnrin tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́, wọ́n rí i pé ìró ń tú mọ́ ọn nídìí, gèlè sì ń jẹ àkókò rẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n bá rán ìró tó ní sípù, wọ́n sì ṣe gèlè tí a ti wé sílẹ̀, tó jẹ́ pé ṣe ni èèyàn kàn máa dé e bíi fìlà. Ní 2022, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù kó iṣẹ́ wọn sínú ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ṣe nípa aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà. Sípù tí wọ́n fi sí ìró yẹn ni kí ẹ máa rántí. Ìyọnu obìnrin kan ni wọ́n rí kí wọ́n tó gé aṣọ.

Ìyọnu wà ní Òkukù náà. Akẹ́kọ̀ọ́ ń gun ọ̀kadà lọ sí kíláàsì, fóònù ńlá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé búbá àti síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ní àpò. Ẹni tó bá rán búbá àdìrẹ tó ní àpò inú, tó jìn, tí a fi aṣọ líle gbè nísàlẹ̀, ti rí ọjà kalẹ̀. Ti tí-ṣáàtì tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ka ẹ̀kọ́ sí, ẹ lè fi wá owó oúnjẹ, n kò bá yín jà. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹ̀ka náà ni èèyàn ń rí lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa bi yín ta ló ṣe é.

Ní ti aṣọ, Òṣogbo kò jìnnà sí wa. Níbẹ̀ ni ìyá Nike Okundaye ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ láti nǹkan bí ogójì ọdún, ẹni tó bá lè yọjú síbẹ̀ nígbà ìsinmi, kó lọ. Fún rírà, àwọn kan ń lọ sí Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, àwọn kan ń lọ sí Gbági n'Ìbàdàn. Ibi yòówù kí ẹ ti rà á, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gé e. Aṣọ òwú máa ń súnkì, àdìrẹ mìíràn sì máa ń tú àró sínú omi lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó sàn kó súnkì sílé yín ju kó súnkì sára ẹni tó ti sanwó. Ẹ gé pélébé kan lára rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ aṣọ funfun. Bí funfun bá yí àwọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á.

Púpọ̀ nínú yín kò ní rán an fúnra yín, iṣẹ́ télọ̀ ni. Télọ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yín. Ẹ máa pè é ní bọ̀dá tàbí àǹtí, kí ẹ sì san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ dá. Ẹ má gbé iṣẹ́ tuntun lọ bá a nígbà tí Iléyá tàbí Kérésì bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ ni yóò kọ́kọ́ rán, ẹ̀tọ́ sì ni. Ẹ ya pátánù sórí bébà líle, ti kékeré, ti àárín, ti ńlá, kí ó wà lọ́wọ́ yín, kì í ṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ tọ́jú búbá àkọ́kọ́ tó dára, ẹ má tà á. Òun ni ẹ ó máa fi wọn gbogbo èyí tó bá tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá kó aṣọ dé, ẹ yí inú rẹ̀ síta kí ẹ tó wo ojú rẹ̀. Ẹ wo bóyá wọ́n ti wífì etí rẹ̀, ẹ fa ìdí apá, ẹ fi tépù wọn ọrùn. Ó dára kí ẹ̀yin náà mọ rírán díẹ̀. Nígbà tí àwọn olùkọ́ fásitì daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kejì títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló lọ jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹni tó bá lo irú àkókò bẹ́ẹ̀ láti mọ bí a ṣe ń gé ọrùn àti bí a ṣe ń fi apá sí aṣọ, télọ̀ kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn gbé iṣẹ́ tí kò dára fún un.

Owó ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí i tí iṣẹ́ ọmọ tó lọ́pọlọ ń kú. Ká ní yáàdì kan jẹ́ ₦2,000, tí búbá kan sì gba yáàdì méjì àbọ̀: ₦5,000 nìyẹn. Òwú, bọ́tìnì àti gọ́ọ̀mù-sítéè, ₦700. Télọ̀, ₦3,000. Lébẹ́lì àti ọ̀rá, ₦300. Owó ọkọ̀, ₦500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦9,500. Ẹ tà á ní ₦10,000, inú yín dùn pé ẹ jèrè ₦500. Ẹ padà sọ́jà, yáàdì ti di ₦2,300. Búbá kejì yóò ná yín ní ₦10,250. Owó tí ẹ gbà lórí ti àkọ́kọ́ kò tó láti rán òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ kò tíì san kọ́bọ̀ fún ara yín. Kì í ṣe àlá ni mo ń rọ́: láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ fún ọjà, dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí ₦470 kọjá ₦1,500 kí ọdún kan tó pé, aṣọ tó ń ti òkè òkun wá sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, iye tí ẹ máa fi ra aṣọ lọ́jọ́ iwájú ni kí ẹ fi ṣírò, kì í ṣe iye tí ẹ fi ra èyí tó wà nílẹ̀. Ẹ kọ owó iṣẹ́ tiyín sínú ìwé bí ẹ ṣe kọ ti télọ̀. Ẹ sì fi díẹ̀ lé e fún búbá tí yóò bàjẹ́, nítorí ọ̀kan yóò bàjẹ́.

Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún òwò náà ní báǹkì. Owó ilé, owó ìwé àti owó aṣọ kò gbọdọ̀ sùn sójú kan. Ẹ má tà láwìn fún ọ̀rẹ́ inú yàrá kan náà. Ẹ gba ìdajì kí ẹ tó gé aṣọ, kí ẹ gba ìyókù kí ẹ tó kó o fún un. Ẹni tí kò bá lè san ìdajì lónìí kò ní san odidi lóṣù tó ń bọ̀.

Ní ti orúkọ, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: fíforúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní CAC dára, báǹkì yóò bèèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹlòmíràn má tẹ orúkọ náà sára aṣọ tirẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń forúkọ àmì òwò sílẹ̀ l'Ábújá ló ni ìyẹn. Ìsọ̀rí 25 ni aṣọ, bàtà àti fìlà wà. Ọdún 7 ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, bí a bá tún un ṣe, ó di ọdún 14. N kò ní kí ẹ sáré náwó lé e lórí kí búbá yín tó tà. Ẹ kàn wádìí bóyá ẹlòmíràn ti gba orúkọ náà kí ẹ tó tẹ ẹgbẹ̀rún lébẹ́lì.

Bí ìdánwò bá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ pa ìwé tí ẹ fi ń gba iṣẹ́ aṣọ dé. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ máa tún ṣí i sí Wáàtsáàpù, kí ẹ sì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti sanwó kí wọ́n tó bèèrè. Ẹ kó àwọn búbá tó ti parí fún àwọn tó ni wọ́n ṣáájú ọ̀sẹ̀ ìdánwò, ẹ san owó télọ̀ tán, ẹ sì fi pátánù àti búbá àkọ́kọ́ yẹn sínú àpótí kan náà, nítorí òun ni ẹ máa wá lọ́jọ́ kejì tí ẹ bá jáde ní gbọ̀ngán ìdánwò.