Ẹ Tún Ọkọ̀ Yín Yẹ̀ Wò Kí Òjò Tó Dé

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbàrá òjò kò ní òun kò níí wó ilé, onílé ni kò níí gbà fún un. Bí ọ̀rọ̀ ilé ti rí ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ rí. Láti nǹkan bí oṣù Kẹta títí di oṣù Kẹwàá ni òjò fi ń rọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àfi ìgbà díẹ̀ tí ó máa ń dáwọ́ dúró nínú oṣù Kẹjọ. Kò yẹ kí ọkọ̀ tí ó ti ń jẹ eruku ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan wọ inú òjò láìjẹ́ pé a yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kọ́ yìí kan ẹni tí ó ni ọkọ̀ àti ẹni tí ń wà á. Ó sì kan ìyá tí ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọjà pẹ̀lú, nítorí inú ọkọ̀ kan náà ni ẹ̀mí gbogbo wọn wà.

1. Táyà

Àwọn ojú ilà tí a gbẹ́ sí ara táyà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Àárín wọn ni omi ń gbà jáde kúrò lábẹ́ táyà. Bí wọ́n bá ti jẹ tán, omi kò ní rí ọ̀nà gbà mọ́. Yóò gbé táyà kúrò lórí ọ̀dà, ọkọ̀ yóò sì máa léfòó. Bí awakọ̀ tẹ bíréèkì nígbà náà, ọkọ̀ kò ní gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ wo inú àwọn ilà náà dáradára. Ẹ ó rí ibi kéékèèké tí ó ga díẹ̀ nínú wọn. Bí ara táyà bá ti jẹ dọ́gba pẹ̀lú ibi wọ̀nyí, ó ku mìlímítà 1.6 péré, táyà náà ti parí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ má ṣe dúró dìgbà náà: bí ó bá ti ku mìlímítà 3, ẹ máa múra àtirà òmíràn.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ra táyà tí a ti lò rí, kí ó wo nọ́ńbà mẹ́rin tí ó parí àkọlé DOT ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà tí ó ti pẹ́ jù lè bẹ́ bí ojú ilà rẹ̀ tilẹ̀ jinlẹ̀. Òwúrọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ inú táyà, kí ẹ má sì gbàgbé èyí tí ó wà ní ìpamọ́.

2. Bíréèkì

Lójú ọ̀nà tí ó tutù, ọkọ̀ nílò ó kéré tán ìlọ́po méjì ibi tí ó fi ń dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Bí bíréèkì bá ń fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ó ń ké, tàbí tí ẹsẹ̀ ń wọlé jù kí ó tó mú, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

3. Wáípà, iná àti bátìrì

Oòrùn àti ọyẹ́ a máa mú kí rọ́bà wáípà gan, kí ó sì sán. Bí ó bá ń fi ilà omi sílẹ̀ lójú gíláàsì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan dúró lẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá ń tẹ bíréèkì, kí ó wò ó bí iná ẹ̀yìn ń tàn. Ẹ fọ ohun funfun tí ó bá hù sí orí bátìrì, nítorí nínú òjò, òun ni iná, wáípà àti fáànù yóò jọ gbára lé.

4. Lójú ọ̀nà

Òjò àkọ́rọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Epo àti eruku tí ó ti pọ̀ lójú ọ̀dà láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò pò mọ́ omi, ọ̀nà yóò sì máa yọ̀. Ẹ dẹ eré, ẹ jìnnà sí ọkọ̀ tí ó wà níwájú, ẹ sì tan iná.

Ẹ má ṣe wọ inú omi tí ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà tàbí lórí afárá. Omi tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré. Èyí tí ó tó 60 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ńlá lọ. Àwọn ará Ìbàdàn kò níí gbàgbé odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, àti omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, ọdún 2011. Ọ̀pọ̀ ẹ̀mí ni ó bá a lọ. Bí ẹ́ńjìnì bá kú sínú omi, ẹ má ṣe tún un tan. Omi tí ó bá wọ inú rẹ̀ lè fọ́ ọ. Ẹ jáde, kí ẹ sì gun ibi tí ó ga.

Èrò ọkọ̀ náà ní ẹnu. Bí awakọ̀ bá fẹ́ já sínú àgbàrá, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró; bí kò bá gbà, kí ẹ sọ̀kalẹ̀. Ọjà ọ̀la ń bẹ, òjò yóò sì dá.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ojú ilà ara táyà wà fún?
2. Kí ni ìdí tí òjò àkọ́rọ̀ fi léwu ju èyí tí ó tẹ̀ lé e?
3. Ibo ni omi máa ń gbà kọjá lójú ọ̀nà ní agbègbè wa, ta ni yóò sì máa kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ àlejò?