Ọjọ́ Ayé Ẹ̀fọn

Kò sí ọmọ Ilé-Ifẹ̀ tí kò mọ orin tí ẹ̀fọn í kọ síni létí lóru. Ṣùgbọ́n bí a bá bi í pé, “Ọjọ́ mélòó ni ẹ̀fọn í lò láyé?” ó ṣeé ṣe kí ó dákẹ́. Ìdáhùn náà kò rí bákan náà níbi gbogbo, nítorí omi àti ooru ni í díwọ̀n ọjọ́ ayé kòkòrò yìí.

Abo ẹ̀fọn nìkan ni í mu ẹ̀jẹ̀, nítorí ẹyin rẹ̀ ni. Èyí tí í kó ibà ranni a máa yé ẹyin 50 sí 200 lẹ́ẹ̀kan sójú omi tí kò ṣàn. Ẹyin a di tanwíjí. Tanwíjí a dàgbà, a hu ìyẹ́, a sì fò lọ. Ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti móoru tí òjò sì pọ̀, nǹkan bí ọjọ́ 10 ni gbogbo rẹ̀ í gbà.

Ní ìpẹ̀kun Òkè Ọya, lẹ́bàá aṣálẹ̀, ọ̀ràn yàtọ̀. Bí ẹ̀rùn bá dé, kòtò omi a gbẹ, ẹ̀fọn a sì dàwátì títí òjò yóò fi padà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, irú ẹ̀fọn kan wà tí abo rẹ̀ í fara pamọ́ ní ìgbà òtútù. Kò ní yé ẹyin, ṣùgbọ́n yóò lo oṣù púpọ̀ láyé, nígbà tí tiwa kì í sábà pé oṣù kan.

Kí ni èyí kàn wá sí? Ní 1897, ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ara ẹ̀fọn. Kòkòrò náà kò lè ran ẹlòmíràn lójú ẹsẹ̀. Níbi tí ooru wà, ó ní láti lo nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 nínú ẹ̀fọn kí ó tó gbó. Nítorí náà, ẹ̀fọn tí ó bá tètè kú kò lè kó ibà ran ọmọdé kankan.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ dí kòtò omi tí ó wà lágbàlá. Ẹ da omi inú agolo àti taya nù kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Kí ẹ sì sùn sábẹ́ àwọ̀n olóògùn, kí ẹ̀fọn má baà gbó lórí ẹ̀jẹ̀ yín. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.