Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Àwọn Tí Ń Ṣe Eré

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó mọ ìtàn inú eré tí kò mọ àwọn tí ó ṣe é, ìdajì ẹ̀kọ́ ni ó kọ́. Ní ọdún 1944, Hubert Ogunde, ọlọ́pàá tí ó ti ṣe olùkọ́ rí, gbé eré Ọgbà Édẹ́nì jáde ní gbọ̀ngàn Glover, ní Èkó. Lẹ́yìn náà ó kéde pé òun ń wá obìnrin òṣèré. Ẹnikẹ́ni kò dáhùn, nítorí alágbe ni a ń pe òṣèré. Ó tún kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń fẹ́. Nígbà náà ni wọ́n wá, ó sì sọ wọ́n di òṣèré. Ẹ̀gàn ni wọ́n fara dà. Nítorí náà, bí a bá ń fi eré kọ́ àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kí a dárúkọ òṣèré, onílù àti ẹni tí ń fa aṣọ ìkélé.