Ìkọ̀sílẹ̀ Tí Kò Ní Ìjà Nínú: Ta Ni Ó Yẹ Fún?

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ìkọ̀sílẹ̀ ni a mú ṣe ẹ̀kọ́ nínú ìwé ìròyìn alájẹṣẹ́kù. Ìdí rẹ̀ ni pé tọkọtaya púpọ̀ ni ó jọ wà nínú ẹgbẹ́, tí wọ́n sì ń ṣe onídùúró fún ara wọn. A kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kí ó tú ilé rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ti tú ná, ó yẹ kí a mọ ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè: irú ìgbéyàwó wo ni a ṣe? Bí ó bá jẹ́ ti ìbílẹ̀ nìkan, kóòtù ìbílẹ̀ lè tú u, ọ̀rọ̀ owó orí sì lè jẹ yọ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ti rẹ́gísírì, tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ, Ilé-Ẹjọ́ Gíga nìkan ni ó lè tú u. Àwọn tí ó ṣe méjèèjì ni ó máa ń ṣì í mú jù. Wọ́n rò pé ìwé kóòtù ìbílẹ̀ ti tó. Kò tó rárá. Ẹni tí ó bá gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ fẹ́ ẹlòmíràn ní rẹ́gísírì lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura.

Òfin ọdún 1970 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga ń lò. Kò sí àyè nínú rẹ̀ fún tọkọtaya láti kàn wí pé, "A ti jọ gbà á, ẹ tú wa sílẹ̀." Adájọ́ gbọ́dọ̀ rí i pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù fún àwọn tí kò bára wọn jà ni pé kí wọ́n ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 gbáko kí wọ́n tó pẹjọ́, kí ẹnì kejì má sì takò ó. Bí ó bá takò ó, ọdún 3 ni wọn yóò fi gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn kan a máa gbèrò láti parọ́ pé àwọn ti pínyà tipẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan náà. Ẹ má dán an wò! Ìmọ̀pọ̀ tan kóòtù jẹ lè mú kí adájọ́ da ẹjọ́ nù.

Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ yóò fẹ́ mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò máa gbé àti ẹni tí yóò máa san owó ilé-ìwé. Ìdájọ́ àkọ́kọ́ pàápàá kò tíì tú ìgbéyàwó. Ó kéré tán, oṣù 3 yóò kọjá kí ó tó di àṣekágbá.

Ní tiwa, ọ̀nà yìí yẹ àwọn tí ọ̀rọ̀ ọmọ, ilé àti gbèsè ti yé láàárín wọn, tí wọ́n sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kò yẹ ibi tí ẹnì kan ti ń na ẹnì kejì, tàbí tí ó ń fi owó pamọ́ fún un. Ẹni tí ẹ̀rù pa lẹ́nu mọ́, kì í ṣe pé ó gbà. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá agbẹjọ́rò tirẹ̀.

Gbèsè ni wọ́n máa ń gbàgbé. Ká ní ìyàwó yá 400,000 náírà lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ láti fi ra ẹ̀rọ ìlọta, ọkọ sì ṣe onídùúró. Wọ́n pín ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀, kóòtù sì tú wọn ká. Ọjà kò tà mọ́, owó kò wọlé, ẹgbẹ́ wá kan ilẹ̀kùn ọkọ. "Ṣebí mo ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀!" Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni ó fọwọ́ ìwé onídùúró fún, ìdájọ́ kóòtù kò pa ìwé náà rẹ́. Kí wọ́n tó lọ pẹjọ́ ni ó yẹ kí ìyàwó ti mú onídùúró mìíràn tí ìgbìmọ̀ yóò gbà wá.

Bákan náà ni fọ́ọ̀mù tí ẹ kọ nígbà tí ẹ wọ ẹgbẹ́. Orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀ pé kí a kó owó yín fún bí ẹ bá kú? Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tí ẹ ti kọ̀ sílẹ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ tọ akọ̀wé ẹgbẹ́ yín lọ kí ẹ yí i padà.