Òfin Gbà Á, Ṣùgbọ́n Ṣé Ọlọ́hun Gbà Á?

Khutuba Ọjọ́ Jímọ̀: Ẹ̀kọ́ lórí àgbàfipamọ́, owó ìlú, àti iṣẹ́ àwọn akọ̀ròyìn

Gbogbo ọpẹ́ ń bẹ fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó mọ ohun tí ó hàn àti ohun tí ó pamọ́. A ń yìn Ín, a ń tọrọ ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń wá àforíjìn Rẹ̀. Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí ní òdodo àyàfi Ọlọ́hun nìkan ṣoṣo, tí kò ní orogún. Mo sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàábé rẹ̀, títí di Ọjọ́ Àjíǹde.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, mo ń sọ àsọọ́lẹ̀ fún ara mi ná, kí n tó sọ ọ́ fún yín, pé kí á bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Nínú Súrà An-Nisā, áyà 58, Ó pa á láṣẹ pé kí á dá àgbàfipamọ́ padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Nínú Súrà Al-Baqarah, áyà 188, Ó kọ̀ fún wa láti máa fi ọ̀nà èrú jẹ dúkìá ara wa. Nínú Súrà Āl-Imrān, áyà 161, Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá jí nínú ohun tí ó jẹ́ ti gbogbo ìjọ yóò gbé ohun tí ó jí náà wá ní Ọjọ́ Àjíǹde. Lórí àwọn áyà mẹ́ta yìí ni ọ̀rọ̀ wa tòní dúró.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí gbogbo ayé gbọ́ ṣe àríkọ́gbọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aṣòfin tí agbègbè rẹ̀ jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù ní láti ní ibùgbé méjì, ọ̀kan ní ìlú tí ó ń ṣojú fún, èkejì nítòsí ilé ìgbìmọ̀. Ìjọba ni ó ń dá owó tí ó bá ná lórí ilé kejì padà fún un. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ́ sílẹ̀, owó yìí lè tó nǹkan bíi £24,000 lọ́dún fún ẹnì kan. Ìpìlẹ̀ ètò náà kò burú. Ẹni tí a bá rán níṣẹ́, ó tọ́ kí á gbé ìnáwó iṣẹ́ náà kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tí a bá ti fi ìlẹ̀kùn sílẹ̀ láìtì, ọkàn ènìyàn a máa wọlé gba ibẹ̀. Títí di ọdún 2008, ohun tí owó rẹ̀ kò bá ju £250 lọ, wọn kì í béèrè rìsíìtì rẹ̀. Àwọn kan ń yí orúkọ ilé wọn padà: lónìí wọn a pe ilé yìí ní ilé kejì, wọn a fi owó ìlú tún un ṣe, lọ́la wọn a pe òmíràn bẹ́ẹ̀. Àwọn mìíràn sì rékọjá ọgbọ́n àyínìke, wọ́n wọnú irọ́ pátápátá. David Chaytor gba owó háyà lórí ilé tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀. Elliot Morley, tí ó ti ṣe mínísítà rí, ń gba owó lórí gbèsè ilé tí ó ti san tán.

Akọ̀ròyìn kan, obìnrin tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Heather Brooke, wà lára àwọn tí wọ́n fi òfin òmìnira ìròyìn, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2005, béèrè fún àkọsílẹ̀ ìnáwó wọ̀nyí. Ilé ìgbìmọ̀ kọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ gíga, ilé ẹjọ́ sì dájọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2008 pé àwọn ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti mọ̀. Síbẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, ìjọba tún gbìdánwò láti yọ àwọn aṣòfin kúrò lábẹ́ òfin náà, kí ariwo tó mú kí wọ́n pa èrò yẹn tì.

Ní ọjọ́ 8 oṣù karùn-ún ọdún 2009, ìwé ìròyìn Daily Telegraph, tí ó ti fi owó gba ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ jáde lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ wá gbé tirẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà, wọ́n ti fi tádàwá dúdú pa ọ̀pọ̀ ibẹ̀ rẹ́, títí kan àdírẹ́sì àwọn ilé náà. Bí ó bá jẹ́ èyí nìkan ni aráyé rí, ta ni ìbá mọ̀ pé ẹnì kan ti yí orúkọ ilé rẹ̀ padà? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ kò dára fún wọn. Michael Martin, olórí ilé ìgbìmọ̀, fi ipò sílẹ̀. Láti ọdún 1695 kò sí olórí ilé náà tí wọ́n fi agbára mú kúrò lórí àga rí. Wọ́n ní kí ọ̀pọ̀ aṣòfin dá owó padà, àpapọ̀ rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù kan pọ́ùn. Àwọn tí wọ́n bá dé ilé ẹjọ́ gbìyànjú láti sá sábẹ́ àǹfààní ipò wọn, pé ilé ìgbìmọ̀ nìkan ni ó lè dá wọn lẹ́jọ́. Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ kọ̀ ọ́ fún wọn ní ọdún 2010. Ní ọdún 2011, Chaytor gba ẹ̀wọ̀n oṣù 18, Morley gba oṣù 16.

Àwáwí tí kò ní dúró lọ́dọ̀ Ọlọ́hun

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, ẹ fetí sí èsì tí ọ̀pọ̀ nínú wọn fọ̀. Wọ́n ní: “Òfin gbà á.” Òótọ́ ni pé fún àwọn kan, òfin gbà á. Ṣùgbọ́n ìlànà ẹ̀sìn wa ti dáhùn ọ̀rọ̀ yìí kí a tó bí ìyá ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Abū Humayd As-Sāidī gba á wá, Bukhārī àti Muslim sì kọ ọ́ sílẹ̀, pé Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn Al-Lutbiyyah láti lọ gba sàká wá. Nígbà tí ó dé, ó pín ẹrù sí ọ̀nà méjì: ó ní èyí jẹ́ ti ìjọ, èyí jẹ́ ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Inú bí Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó gun mínbárì, ó sì béèrè ìdí tí ọkùnrin náà kò fi jókòó sí ilé bàbá rẹ̀ tàbí ti ìyá rẹ̀, kí á wò ó bóyá ẹnikẹ́ni yóò gbé ẹ̀bùn wá bá a níbẹ̀. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá mú nǹkan bẹ́ẹ̀ yóò gbé e kọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde, ìbáà ṣe ràkúnmí, màlúù tàbí àgùntàn, tí yóò máa ké lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ọkùnrin yìí kò jalè ní òru, kò sì pa irọ́. Ó sọ ibi tí ohun náà ti wá. Síbẹ̀, Ànábì kò gbà á fún un, nítorí pé ipò ni ó mú ẹ̀bùn náà wá, ipò náà kì í sì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Òṣùwọ̀n nìyí fún gbogbo ẹni tí ó di ipò mú: bí kò bá sí ipò yìí, ṣé owó yìí yóò wọ ọwọ́ mi? Bí mi ò bá fi í ṣe iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ yọ ọ́ sílẹ̀, kí ni mo ń fi í ṣe?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé nǹkan kékeré ni. Nínú hádíìsì tí Muslim gbà wá, Ànábì ka ẹni tí a fi ṣe òṣìṣẹ́, tí ó wá fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ pamọ́ fún wa, mọ́ ara àwọn tí wọ́n jí ohun ìjọ. Abẹ́rẹ́! Ìdí rẹ̀ ni pé ohun ìjọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó ni ín. Bí o bá jí ti ẹnì kan, ẹnì kan ni ìwọ yóò bẹ̀. Bí o bá jí ti ìlú, ta ni o fẹ́ bẹ̀ kí o tó kú?

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn?

Àwọn kan máa ń béèrè pé: ṣebí Ọlọ́hun kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn àti ìtọpinpin fún wa nínú Súrà Al-Hujurāt, áyà 12? Òdodo ni. Ṣùgbọ́n àwọn onímímọ̀ ti ṣe àlàyé. Imāmu An-Nawawī, nínú ìwé rẹ̀ Riyādus-Sālihīn, ka ìdí mẹ́fà tí ó lè mú kí sísọ nípa àléébù ẹlòmíràn tọ́. Lára wọn ni kí ẹni tí a ṣe àbòsí sí fi ẹjọ́ sùn, kí á wá ìrànlọ́wọ́ láti dá ohun burúkú dúró, àti kí á kìlọ̀ fún ìjọ kí wọ́n má bàa kó sínú aburú. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá láàrin òun àti Olúwa rẹ̀, kí á bò ó. Ṣùgbọ́n owó ìlú kì í ṣe àṣírí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ni owó ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìṣirò rẹ̀.

Síbẹ̀, akọ̀ròyìn náà ru àgbàfipamọ́ tirẹ̀. Súrà Al-Hujurāt kan náà, áyà 6, pa á láṣẹ fún wa láti ṣèwádìí kí á tó gba ìròyìn gbọ́. Lára ohun tí aráyé fi rẹ́rìn-ín jù lọ ní ọdún 2009 ni ti Peter Viggers, aṣòfin tí ó béèrè owó £1,645 fún ilé àwọn pẹ́pẹ́yẹ tí ó léfòó lórí adágún omi rẹ̀. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń sọ pé ó gba owó náà. Kò gbà á. Ó béèrè, ilé iṣẹ́ tí ó ń sanwó kọ̀ fún un. Ìbéèrè náà jẹ́ ìtìjú, ṣùgbọ́n déédéé ni kí á sọ ọ́ bí ó ti rí. Akọ̀ròyìn tí ó fi kún un ṣe àbòsí. Èyí tí ó gba owó kí ó má bàa kọ ọ́, ẹgbẹ́ olè ni. Àwa tí a ń fi ìròyìn ránṣẹ́ lórí fóònù láìwádìí náà kò gbọdọ̀ rò pé a bọ́.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Kí á má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan nìyí. Ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ọdún 2018 ni Shehu Sani, tí ó jẹ́ sẹ́nétọ̀ nígbà náà, sọ fún aráyé pé sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gba ₦13.5 mílíọ̀nù lóṣooṣù fún ìnáwó iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó oṣù. Òfin òmìnira ìròyìn ti wà ní Nàìjíríà láti ọdún 2011. Ẹ̀tọ́ wa ni láti béèrè bí wọ́n ṣe ń ná an.

Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò béèrè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí ó sùn sí ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wá mú rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì lọ sí ọ́fíìsì, kí ni ó fi yàtọ̀ sí Chaytor? Ẹni tí ó ra epo mọ́tò tí ó ní kí wọ́n kọ iye tí ó ju èyí tí ó san lọ ńkọ́? Akápò ẹgbẹ́ àdúrà tí ó yá nínú owó ẹgbẹ́ láìsọ fún ẹnikẹ́ni ńkọ́? Àwa tí a ń bójú tó owó mọ́sálásí yìí náà wà nínú rẹ̀. Kí a máa ka ìṣirò náà sétí ìjọ, kí rìsíìtì rẹ̀ wà nílẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí i, kí ẹni tí ó bá béèrè má sì di ọ̀tá.

Khalīfa Umar ọmọ Al-Khattāb (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) a máa ṣe àkọsílẹ̀ dúkìá gómìnà rẹ̀ kí ó tó rán an lọ síbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra wọn. Ó mọ̀ pé ìṣirò tí a bá ṣe láyé ni yóò mú ti ọ̀run rọrùn.

Ẹni tí ó bá ti jẹ nínú rẹ̀, ìlẹ̀kùn ìtúúbá ṣí sílẹ̀. Kí ó fi ẹ̀ṣẹ̀ náà sílẹ̀, kí ó kábàámọ̀, kí ó pinnu láti má padà síbẹ̀, kí ó sì dá ẹ̀tọ́ padà fún àwọn tí wọ́n ni ín. Bí ojú bá ń tì í, kí ó dá owó náà padà láìfi orúkọ sí i. Ìtúúbá tí owó ṣì wà lápò kò tíì pé.

Ọlọ́hun, fi ohun tí Ó ṣe ní ẹ̀tọ́ tó wa, kí a má bàa nílò ohun tí Ó ṣe ní èèwọ̀. Fún wa ní olórí tí ó bẹ̀rù Rẹ, fún àwọn akọ̀ròyìn wa ní òdodo àti ìgboyà, kí O sì fọ ọwọ́ wa mọ́ kí á tó pàdé Rẹ. Àmín.