Ìlànà Ìbẹ̀rẹ̀ Nínú Yíya Àwòrán Pẹ̀lú Ìmọ́lẹ̀ Abẹ́-Pupa Lórí Kámẹ́rà Díjítà

Ìfáàrà

Nígbà òjò, bí ewé igi bá tutù yọ̀yọ̀, Yorùbá a sọ pé ó dúdú mìnìjọ̀. Èyí rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé abẹ́ dúdú ni àwọ̀ ewé wà nínú àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè náà, ìyẹn funfun, pupa àti dúdú. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ìmọ́lẹ̀ abẹ́-pupa ya igi kan náà, ewé rẹ̀ yóò funfun bí òwú, ojú ọ̀run yóò sì ṣókùnkùn. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè rò pé idán ni, tàbí pé kámẹ́rà náà ń rí ooru tí ó wà lára nǹkan. Èrò kejì yìí ni ó léwu jù, nítorí ó lè mú kí ènìyàn máa fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ wá ibà tàbí àìsàn lára ọmọlàkejì. Àpilẹ̀kọ yìí ṣe àlàyé ohun tí ìmọ́lẹ̀ náà jẹ́, àti bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lè bẹ̀rẹ̀ láì ná ìnákúnàá, láì sì ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ohun tí Ìmọ́lẹ̀ Abẹ́-Pupa Jẹ́

Ní ọdún 1800, William Herschel, onímọ̀ nípa ìràwọ̀ tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, àwọn àwọ̀ inú rẹ̀ sì yà sọ́tọ̀ bí òṣùmàrè. Ó gbé tẹmómítà sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó gbé e kọjá pupa, sí ibi tí ojú kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ó rí i pé ibẹ̀ ni ooru ti pọ̀ jù. Báyìí ni wọ́n ṣe mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ó rékọjá ibi tí pupa parí sí. Ní ọdún 1910, Robert W. Wood, onímọ̀ físíìsì ará Amẹ́ríkà, gbé àwọn àwòrán tí ó fi ìmọ́lẹ̀ yìí yà jáde. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe bí ewé ṣe ń funfun nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ títí di òní.

Ìdí tí ewé fi ń funfun kò ṣòroó yé. Èròjà tí ó fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ pupa àti ti aró mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í gba ti abẹ́-pupa. Ìmọ́lẹ̀ abẹ́-pupa wọ inú ewé, àwọn àlàfo tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ sì ń tú u ká, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ fi ń padà síta. Èyí kò ní í ṣe pẹ̀lú bí ewé ṣe gbóná sí.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ara ènìyàn rí. Nanomítà 700 tàbí ibi tí ó súnmọ́ ọn ni pupa parí sí lójú ènìyàn. Kámẹ́rà díjítà kò lè gba ohun tí ó ju nanomítà 1,100 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ tí ooru ara ènìyàn ń tú jáde tó nǹkan bí 10,000. Irú ìmọ́lẹ̀ gígùn yìí ni ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí àwọn ènìyàn ní àkókò àrùn Kòrónà ní ọdún 2020 ń wọ̀n. Kámẹ́rà lásán kò lè ṣe iṣẹ́ náà.

Àyẹ̀wò Kámẹ́rà

Àwọn tí ń ṣe kámẹ́rà máa ń fi gíláàsì kan síwájú sẹ́ńsọ̀ láti dènà ìmọ́lẹ̀ abẹ́-pupa kí ó má baà ba àwọ̀ àwòrán jẹ́. Agbára gíláàsì yìí yàtọ̀ láti kámẹ́rà kan sí èkejì. Nítorí náà, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ra ohunkóhun, kí ó wọ yàrá tí ó ṣókùnkùn, kí ó kọjú rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n sí kámẹ́rà, kí ó tẹ bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì ya àwòrán rẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan. Bí iná bá hàn kedere ní ẹnu rìmóòtù náà, kámẹ́rà yẹn wúlò. Bí kò bá hàn rárá, kí ó wá òmíràn.

Ìgbésẹ̀ Yíya Àwòrán

(a) Kí ó ra fílítà tí ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ láti nǹkan bí nanomítà 720 sókè kọjá. Dúdú ni yóò rí lójú.

(b) Kí ó gbé kámẹ́rà lé ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, kí ó yan ibi tí yóò yà, kí ó sì sún lẹ́ǹsì títí àwòrán yóò fi hàn kedere, kí ó tó fi fílítà náà sí i.

(d) Kí ó sún lẹ́ǹsì náà díẹ̀ sí ìhà ohun tí ó wà nítòsí, nítorí pé ibi tí ìmọ́lẹ̀ abẹ́-pupa ti ń hàn kedere yàtọ̀ díẹ̀. Lílo f/8 yóò bo àṣìṣe kékeré mọ́lẹ̀.

(e) Kí ó yan ọjọ́ tí oòrùn ràn dáadáa tí afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́ púpọ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan, tí ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń sá fún, dára fún iṣẹ́ yìí. Ó lè gba ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan títí dé ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àwòrán kan tó parí.

(ẹ) Kí ó fi koríko tútù inú oòrùn ṣe òdiwọ̀n funfun kámẹ́rà náà, kí ó sì tọ́jú àwòrán ní RAW.

(f) Lórí kọ̀ǹpútà, kí ó sọ ọ́ di àwòrán dúdú àti funfun. Bí ó bá fẹ́ àwọ̀, kí ó pààrọ̀ àyè pupa àti ti búlúù, kí ojú ọ̀run lè padà ní àwọ̀ aró.

Ìṣòro àti Ìkìlọ̀

Àwọn lẹ́ǹsì kan máa ń fi àmì ìmọ́lẹ̀ róbótó sí àárín àwòrán. Bí ihò lẹ́ǹsì bá ṣe kéré tó ni àmì náà yóò ṣe hàn tó, nítorí náà kí ó ṣí ihò náà díẹ̀ sí i, tàbí kí ó lo lẹ́ǹsì mìíràn. Kò gbọdọ̀ gba inú fílítà dúdú yìí wo oòrùn: òkùnkùn rẹ̀ ń tan ojú jẹ, ìtànṣán tí ojú kò rí sì lè ba ojú jẹ́. Àwọn kan máa ń tú kámẹ́rà láti yọ gíláàsì tí ń dènà yìí kúrò, kí wọ́n lè yàwòrán láì lo ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n ni kí wọ́n gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé iná tí ó pamọ́ fún fíláàṣì lè gbé ènìyàn bí wọ́n tilẹ̀ ti yọ bátìrì.

Ìgúnlẹ̀

Ó hàn nínú àlàyé òkè yìí pé owó púpọ̀ kọ́ ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ yìí. Àyẹ̀wò rìmóòtù, fílítà kan, ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti sùúrù tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá mọ ìdí tí ewé dúdú fi di funfun yóò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò sì ní í fi àwòrán rẹ̀ ṣe ẹ̀rí ohun tí kámẹ́rà náà kò rí.